JOHANNES TRITHEMIUS: ÒPÌTÀN, OLÙTỌ́JÚ ÌWÉ, ÀTI ÌWÉ TÍ ẸNIKẸ́NI KÒ RÍ



Ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn, Olú-ọba Maximilian, tí ó ń ṣe olórí àwọn ọba àti ìjòyè ilẹ̀ Jámánì nígbà náà, ránṣẹ́ sí àlùfáà àgbà kan ní ìlú Würzburg pé òun fẹ́ fi ojú ara òun rí ìwé kan. Òpìtàn kan tí ń jẹ́ Hunibald ni àlùfáà náà sọ pé ó kọ ọ́. Ó ní ìtàn àwọn ẹ̀yà Frank ni ó wà nínú rẹ̀, láti ìgbà ogun Troy títí dé ayé Ọba Clovis. Èsì tí Olú-ọba rí gbà ni pé ìwé náà ti wà ní Sponheim, ní ilé àwọn mọ́ńkì tí àlùfáà yìí ti ṣe olórí rẹ̀ rí. Wọ́n wá a dé Sponheim, wọn kò bá a níbẹ̀. Àlùfáà ní ó lè jẹ́ pé àwọn tí òun fi sílẹ̀ níbẹ̀ ti tà á. Láti ọjọ́ náà títí di òní olónìí, kò sí ẹni tí ó rí ìwé Hunibald.

Johannes Trithemius ni orúkọ àlùfáà náà. Àwọn onímọ̀ nípa ìtò orúkọ ìwé a máa pè é ní bàbá iṣẹ́ wọn, nítorí pé òun ni ó ṣe ìwé ńlá tí a kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ tẹ̀, tí ó to àwọn òǹkọ̀wé lẹ́sẹẹsẹ, tí ó sì sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kọ. Báwo ni ẹni tí ó kọ́ àwọn ẹlòmíràn bí a ti ń wádìí ìwé ṣe wá lọ pe ẹlẹ́rìí tí ẹnikẹ́ni kò pàdé rí? Ọ̀rọ̀ tí ó gbé mi dé iwájú yín lónìí nìyẹn. Olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni mí, n kì í ṣe adájọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ya àròsọ sọ́tọ̀ kúrò lára ìtàn kò lè gba ẹ̀gbẹ́ irú ọ̀rọ̀ yìí kọjá.

Ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 1462 ni wọ́n bí i ní Trittenheim, abúlé kan létí odò Mosel. Orúkọ abúlé yìí ni ó yí sí èdè Látìn tí ó fi ń jẹ́ Trithemius. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tí ó ṣì wà lọ́mọ ọwọ́. Nígbà tí ó ṣe, ìyá rẹ̀ fẹ́ ọkọ mìíràn, ọkọ yìí kò sì fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìwé sétí rárá. Ọmọ náà pé ọdún 15 kí ó tó mọ lẹ́tà, òru ni ó sì fi ń yọ́ lọ sí ilé aládùúgbò kan láti lọ kọ́ ọ. Nínú ìwé kan tí ó kọ nípa ara rẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti lé ní ẹni 40 ọdún, ó ròyìn àlá kan tí ó lá nígbà náà. Ó ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó wọ aṣọ funfun dúró ti òun, ó mú wàláà méjì lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n kọ sára ọ̀kan, àwòrán ni ó wà lára èkejì. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní kí òun yan ọ̀kan. Òun sì na ọwọ́ sí èyí tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí.

Mo fẹ́ràn àlá yìí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí pé àgbàlagbà tí ó ti kọ ìwé rẹpẹtẹ ni ó ń ròyìn ohun tí ọmọdé lá. Ẹni tí ó bá ti mọ ibi tí ìrìn òun parí sí kò ní ṣàìtún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ṣe díẹ̀. Èyí kì í ṣe irọ́. Gbogbo wa ni a ń ṣe é nígbà tí a bá ń sọ ìtàn ara wa fún àwọn ọmọ wa. Síbẹ̀, ó yẹ kí a fi í sọ́kàn, nítorí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ níwájú.

Ó sá kúrò nílé, ó kàwé ní Trier, ní ilẹ̀ Netherlands àti ní Heidelberg. Ní oṣù Kìíní ọdún 1482, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ń lọ sí abúlé rẹ̀ nígbà tí òjò dídì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lọ́nà, ó sì bo gbogbo ilẹ̀. Wọ́n yà sí ilé àwọn mọ́ńkì Benedict tí ó wà ní Sponheim, nítòsí Kreuznach, kí òjò náà lè dá. Trithemius kò tún kúrò níbẹ̀ mọ́. Ó di ọ̀kan nínú wọn. Nígbà tí ó sì di oṣù Keje ọdún 1483, àwọn mọ́ńkì náà fi í jẹ olórí wọn. Ọmọ ọdún 21 ni. Kò tíì pé ọdún méjì tí ó ti wọlé tọ̀ wọ́n wá gẹ́gẹ́ bí àlejò tí òtútù ń pa.

Ilé tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́ kì í ṣe ilé olówó. Gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀, ètò rẹ̀ sì ti dojú rú. Ìwé tí ó bá níbẹ̀ kò ju 48 lọ. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1505, iye náà ti tó nǹkan bí 2,000, èyí tí ó sọ ilé-ìkàwé Sponheim di ọ̀kan nínú àwọn tí ó tóbi jù lọ ní gbogbo ilẹ̀ Jámánì. Ẹ fi ojú inú wo ohun tí èyí jẹ́: ìwé tí a fi ọwọ́ dà kọ ń gba oṣù mélòó kan, ìwé tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀ sì ṣì jẹ́ ohun tuntun. Ní gbogbo ibi tí ẹgbẹ́ àwọn mọ́ńkì rẹ̀ bá ti rán an lọ ṣe àyẹ̀wò ilé mìíràn, yàrá ìwé wọn ni ó máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ó máa ń bá àwọn ìwé Gíríìkì tàbí ìwé Látìn àtijọ́ níbẹ̀ tí àwọn onílé kò lè kà, tí eruku sì ti bò. A fi owó rà wọ́n tàbí kí ó fi ìwé àdúrà tí ó wúlò fún wọn ṣe pàṣípààrọ̀. Kò ja ẹnikẹ́ni lólè. Ṣùgbọ́n ó mọ iye ohun tí ó ń gbà, àwọn tí ń ta á fún un kò mọ̀ ọ́n.

Òkìkí ilé-ìkàwé yìí kàn. Àwọn ọ̀mọ̀wé ń ti ọ̀nà jíjìn wá, lára wọn ni Johannes Reuchlin, tí ó mọ èdè Hébérù, àti akéwì Conrad Celtis, tí ó ran olórí ilé lọ́wọ́ láti kọ́ èdè Gíríìkì. Àlejò kan tí ó dé ibẹ̀ ní 1495 kọ̀wé pé kì í ṣe inú àpótí nìkan ni ìwé wà ní Sponheim. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ Látìn, Gíríìkì àti Hébérù sára ògiri pàápàá.

Àwọn mọ́ńkì ni ó ń da ìwé kọ, iṣẹ́ náà kò sì rọrùn. Nígbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti gbòde, kí ni a tún ń fi ọwọ́ kọ̀wé ṣe? Trithemius dáhùn ìbéèrè yìí ní 1492 nínú ìwé kékeré kan tí ó fi yin àwọn adàwékọ, tí ó sì kọ sí Gerlach, olórí ilé àwọn mọ́ńkì Deutz. Ó ní ọ̀rọ̀ tí a kọ sára awọ lè wà fún 1,000 ọdún, ṣùgbọ́n tákàdá ni ìwé ẹ̀rọ, bóyá ni yóò fi tó 200 ọdún kí ó tó bàjẹ́. Ó tún ní ẹni tí ó bá fi ọwọ́ da ìwé mímọ́ kọ, ọ̀rọ̀ náà a máa wọ̀ ọ́ lọ́kàn ju ti ẹni tí ó kàn kà á lọ. Àwọn ènìyàn ti fi ìwé yìí rẹ́rìn-ín púpọ̀, nítorí pé ní 1494 Trithemius gbé e fún atẹ̀wé ní Mainz. N kò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀. Ọkùnrin náà kò kórìíra ẹ̀rọ. Ìwé tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ń ti ibi ẹ̀rọ jáde lọ́dọọdún. Ohun tí ó ń bẹ̀rù ni kí àwọn ènìyàn rẹ̀ má di ẹni tí ó ní ìwé ṣùgbọ́n tí kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Ọdún 1494 yìí kan náà ni Johann Amerbach tẹ iṣẹ́ ńlá Trithemius ní Basel, ìyẹn ìwé nípa àwọn òǹkọ̀wé Ìjọ. Jerome ti ṣe irú rẹ̀ kékeré ní èyí tí ó lé ní 1,000 ọdún ṣáájú rẹ̀, òǹkọ̀wé 135 ni ó sì kà. Trithemius ka àwọn òǹkọ̀wé tí ó lé ní 960, àwọn iṣẹ́ wọn sì tó nǹkan bí 7,000. Ó tò wọ́n ní ìbámu pẹ̀lú ìgbà tí wọ́n gbé láyé, ó sì ṣe àtòjọ orúkọ wọn ní a-b-d kí ẹni tí ń wá wọn lè tètè rí wọn. (Jerome fi orúkọ ara rẹ̀ parí tirẹ̀, Trithemius náà kò gbàgbé láti ṣe bẹ́ẹ̀.) Èyí tí ó jọ mí lójú jù ni pé, fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé, ó kọ gbólóhùn tí ó bẹ̀rẹ̀ wọn sílẹ̀. Ẹni tí kò ní ìmọ̀ iṣẹ́ yìí lè rò pé ohun kékeré ni. Ní ayé tí ìwé àfọwọ́kọ púpọ̀ kò ní àkọlé, tí orúkọ òǹkọ̀wé sì máa ń yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn, gbólóhùn ìbẹ̀rẹ̀ ni a fi ń mọ ìwé bí a ti ń fi ilà ojú mọ ọmọ ìlú. Ó tún jẹ́ ọ̀nà láti sọ pé ìwé yìí wà, ẹnì kan ti ṣí i, lọ wò ó. Nígbà tí Conrad Gessner tẹ ìwé tirẹ̀ jáde ní Zürich ní 1545, tí ó gbìyànjú láti ka gbogbo ìwé Látìn, Gíríìkì àti Hébérù tí ó wà láyé, orí ìpìlẹ̀ tí Trithemius fi lélẹ̀ ni ó kọ́lé sí. Láti ọ̀dọ̀ Gessner ni ọ̀nà náà gbà dé inú àwọn ilé-ìkàwé tí a ń lò lónìí.

Ní 1495 ó tún tẹ òmíràn jáde, nípa àwọn olókìkí ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí wọ́n kọ̀wé. Ìwé yìí ni ó jẹ́ kí a mọ ohun tí ń jẹ ọkùnrin náà lọ́kàn. Àwọn ọ̀mọ̀wé Ítálì ń fi àwọn ará Jámánì ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà pé ará oko tí kò ní ìtàn ni wọ́n. Èsì sí yẹ̀yẹ́ náà ni ìwé 1495 jẹ́: ẹ wo àwọn ọmọ wa bí ọ̀ọ́dúnrún tí wọ́n ti kọ̀wé. Títí dé ibẹ̀, ẹ̀rí ni ó fi ń jà.

Kí a tó dé ibi tí ẹ̀rí ti tán lọ́wọ́ rẹ̀, ó yẹ kí n mẹ́nu ba wàhálà tí ó lé e kúrò ní Sponheim. Ní 1499, ó kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Arnold Bostius, ní ìlú Ghent, pé òun ń kọ ìwé kan tí yóò ya gbogbo ayé lẹ́nu, lórí bí ènìyàn ṣe lè fi ọ̀rọ̀ àṣírí ránṣẹ́ sí ẹni tí ó jìnnà. Bostius ti kú kí lẹ́tà tó dé. Àwọn ẹlòmíràn tú u, wọ́n kà á, ariwo sì gba ìgboro pé àjẹ́ àti oṣó ni olórí ilé Sponheim. Lẹ́yìn náà, ọ̀mọ̀wé ará Faransé kan, Charles de Bovelles, wá sí Sponheim, ó yẹ ìwé náà wò, ó sì padà lọ ròyìn pé orúkọ àwọn ẹ̀mí òkùnkùn ni ó kún inú rẹ̀. Kì í ṣe pé kò rí ohun tí ó sọ pé òun rí. Orúkọ ẹ̀mí wà níbẹ̀ lóòótọ́, ọfọ̀ sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá mú ọ̀rọ̀ kan tí a fo èkejì nínú ọfọ̀ náà, tí a sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ sí àwọn lẹ́tà inú rẹ̀, ìròyìn gidi ni yóò yọ jáde. Ọmọ Yorùbá tí ó mọ àrokò, tí ó sì fi ẹnà bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ rí kí àgbà má baà gbọ́, kò ní pẹ́ mọ ohun tí Trithemius ń ṣe. Bovelles kò mọ̀ ọ́n. Trithemius pẹ̀lú sì ni ó fa á. Ó gbádùn kí àwọn ènìyàn máa ṣe kàyéfì nípa òun, títí kàyéfì náà fi di ẹ̀sùn.

Ní 1505, nígbà tí ó rin ìrìn àjò, àwọn mọ́ńkì rẹ̀ dìtẹ̀ sí i. Ìwé dídà kọ ti sú wọn, òfin líle ti sú wọn. Kò padà sọ́dọ̀ wọn mọ́. Ó lo ìgbà díẹ̀ ní ààfin Joachim ti Brandenburg, nígbà tí ó sì di oṣù Kẹwàá ọdún 1506 ó di olórí ilé kékeré kan tí í ṣe ti Jákọ́bù Mímọ́ ní Würzburg. Ìwé bí 2,000 tí ó fi ọdún 22 kó jọ wà ní Sponheim, níbi tí kò sí ẹni tí ó fẹ́ràn wọn mọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fọ́n ká.

Würzburg ni ó ti kọ lẹ́tà kan ní oṣù Kẹjọ ọdún 1507 tí gbogbo olùkọ́ lítíréṣọ̀ mọ̀. Johannes Virdung ni ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ nípa babaláwo kan tí ń rìn káàkiri, tí ń pe ara rẹ̀ ní Faustus kékeré. Trithemius dáhùn pé ẹlẹ́nu dídùn lásán ni, pé nígbà tí àwọn méjèèjì jọ wà ní Gelnhausen, ọkùnrin náà sá kúrò nílé èrò bí ó ti gbọ́ pé Trithemius ti dé. Lẹ́tà yìí ni àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ tí a ní nípa Faust, ẹni tí Goethe yóò sọ di ẹni ńlá. Ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn oṣó kàn ni ó ń bú ẹlòmíràn pé oṣó èké ni.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìtàn. Olórí ilé àwọn mọ́ńkì Hirsau ni ó bẹ̀ ẹ́ ní 1495 kí ó kọ ìtàn ilé wọn. Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tí ó gùn jù parí ní 1514, ó sì dé ọjọ́ ayé òun fúnra rẹ̀. Ohun iyebíye wà nínú rẹ̀. Níbẹ̀ ni ó ti sọ bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ ìwé títẹ̀ ní Mainz, pé kí Gutenberg àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó parí ìdìpọ̀ ewé kẹta nínú Bíbélì wọn, owó wúrà tí ó lé ní 4,000 ti wọlé sí i. Ta ni ó sọ fún un? Ó ní Peter Schöffer ni, ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ náà, pé ẹnu rẹ̀ ni òun ti gbọ́ ọ ní nǹkan bí 30 ọdún ṣáájú. Títí di òní, kò sí ẹni tí ó lè kọ ìtàn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí kò ní ka ojú ewé yẹn.

Ṣùgbọ́n ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti jìnnà sẹ́yìn, tí kò sí Schöffer kankan láti bi léèrè, ni Trithemius máa ń ní ìwé tí ẹlòmíràn kò ní. Fún ìbẹ̀rẹ̀ Hirsau, ó pe Meginfrid, mọ́ńkì ilé Fulda. Fún ìbẹ̀rẹ̀ àwọn Frank, ó pe Hunibald. Nínú ìwé rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ní Mainz ní 1515, ọba ń tẹ̀ lé ọba láìsí àlàfo, ti ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye ọdún tí ó lò lórí oyè. Òun kọ́ ni ó dá ìtàn Troy sílẹ̀ o. Ó ti wà lẹ́nu àwọn Frank láti nǹkan bí 850 ọdún ṣáájú rẹ̀. Àlàfo tí ó wà láàárín Troy àti Clovis ni ó dí. Olú-ọba Maximilian sì ń fẹ́ kí wọ́n dí i, nítorí pé ó fẹ́ ka àwọn bàbá ńlá rẹ̀ dé Troy. Nínú àwòrán ẹnubodè ọlá tí Albrecht Dürer àti àwọn mìíràn gbẹ́ sára pákó fún un, àwọn obìnrin mẹ́ta ni ó wà nísàlẹ̀ igi ìdílé rẹ̀. Troy sì ni orúkọ ọ̀kan nínú wọn.

Àwọn kan ti fi ìyẹn gbè é lẹ́yìn: ọba ni ó fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, àti pé kì í ṣe òun nìkan. Òótọ́ ni pé Annius ti Viterbo ti tẹ àwọn òpìtàn àtijọ́ tí òun fúnra rẹ̀ hùmọ̀ jáde ní Róòmù ní 1498. Àwọn mìíràn ní bóyá ìwé kan wà lóòótọ́ tí ó ṣi òye rẹ̀ gbà. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó máa ń kọ gbólóhùn ìbẹ̀rẹ̀ ìwé sílẹ̀ kì í ṣi irú òye bẹ́ẹ̀ gbà lẹ́ẹ̀mejì. Mo rò pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i ni pé ó gbàgbọ́ pé ohun tí a kò bá kọ sílẹ̀ kò ṣẹlẹ̀. Àwọn Frank ní ìtàn ìwáṣẹ̀. Ó lè kọ ọ́ bí ó ti bá a lẹ́nu àwọn ènìyàn, kí ó sì fi í pe ohun tí ó jẹ́. Ìtàn ẹnu Schöffer yẹ kí ó ti kọ́ ọ pé ẹ̀rí ẹnu kì í ṣe ohun ìtìjú. Dípò bẹ́ẹ̀, ó wá ìwé fún un, nígbà tí kò sì rí i, ó dá a. Àwa tí a ń gba ìtàn àtẹnudẹ́nu sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbà mọ irú ìdánwò yìí. Àlàfo kan máa ń wà nínú orúkọ àwọn ọba ìlú, akẹ́kọ̀ọ́ a sì fẹ́ kí ó dí.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ti Hunibald kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní 1531, Beatus Rhenanus kọ ìwé lórí ilẹ̀ Jámánì, ó ti Troy sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì ka àwọn Frank mọ́ àwọn ẹ̀yà Jámánì fúnra wọn. Ìbéèrè tí àwọn tí ó dẹ Hunibald ń béèrè kò ju èyí lọ: inú ilé-ìkàwé wo ni ó wà, ta ni ó tún rí i, báwo ni ó ṣe bẹ̀rẹ̀? Ìwé 1494 ni ó ti kọ́ gbogbo ọ̀mọ̀wé láti máa béèrè bẹ́ẹ̀.

Trithemius kú ní Würzburg ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún 1516. Wọ́n gbẹ́ àwòrán rẹ̀ sára òkúta ibojì ní ibi iṣẹ́ Tilman Riemenschneider, ó sì wà ní ṣọ́ọ̀ṣì Neumünster ní ìlú náà báyìí. Ìtàn Hirsau rẹ̀ tí ó gùn kò rí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé títí di 1690. Ìwé àṣírí rẹ̀ jáde ní Frankfurt ní 1606. Ní 1609 Ìjọ Kátólíìkì kà á mọ́ àwọn ìwé tí ó jẹ́ èèwọ̀. Apá kìíní àti èkejì kò ṣòro láti tú. Apá kẹta ni ó dá àwọn ènìyàn lágara, tí ọ̀pọ̀ fi ń sọ pé ìyẹn, ó kéré tán, idán ni. Ní àwọn ọdún 1990 ni àwọn méjì, Thomas Ernst àti Jim Reeds, tí ọ̀kan kò mọ̀ nípa iṣẹ́ èkejì, tú u. Kò sí ẹ̀mí òkùnkùn kankan níbẹ̀. Òǹkà ni wọ́n fi dípò lẹ́tà. Lára ohun tí wọ́n bá nínú rẹ̀ ni ìkìlọ̀ kúkúrú kan ní èdè Jámánì sí ẹni tí lẹ́tà bá tẹ̀ lọ́wọ́, pé olè àti ẹni ibi ni ẹni tí ó gbé lẹ́tà náà wá, kí ó ṣọ́ra fún un.